Gbígbé Fídíò Kọ̀ǹpútà Sórí DVD Láìjẹ́ Kí Ojú Ènìyàn Fẹ̀ Tàbí Kó Gùn Jù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe fídíò ìnáwó n'Ìbàdàn, yálà Dùgbẹ̀ lẹ wà ni o, tàbí Mọ́kọ́lá, Agbowó tàbí Challenge, ẹ mọ̀ pé àwọn oníbàárà kan ṣì ń béèrè DVD lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ lè gba tiwọn sórí fóònù tàbí fláàṣì, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tó ń gbé l'Ọ́jẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ DVD tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lò. Ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì fẹ́ rí níbẹ̀. Bí ojú yẹn bá fẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, tàbí tó gùn tín-ín-rín, iṣẹ́ ti bàjẹ́, bó ti wù kí kámẹ́rà tí a fi yà á wọ́n tó.

Kámẹ́rà kọ́ ló sábà máa ń fà á. Pixel ni, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ di àwòrán. Pixel orí kọ̀ǹpútà àti pixel orí DVD kò rí bákan náà, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn á kàn máa ṣe é bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí kò le. Ìṣirò díẹ̀ ni, kò ju kí ènìyàn pín nọ́ńbà kan sí òmíràn lọ.

Bí pixel DVD ṣe rí

Ẹ wo pixel bí táìlì ilẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, ìbú táìlì kọ̀ọ̀kan bá òró rẹ̀ dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí fídíò 1920 lórí 1080 fi jẹ́ 16:9 gan-an: ẹ fi 1080 pín 1920, ẹ máa rí 1.778, ẹ fi 9 pín 16, nọ́ńbà kan náà lẹ máa rí. Táìlì ti DVD kò dọ́gba. Ní tiwa níbí, iye kan náà ni wọ́n ń tò, 720 ní ìbú, 576 ní òró, yálà yàrá náà fẹ̀ tàbí kò fẹ̀. Táìlì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń nà kí yàrá lè kún.

Ẹ fi 576 pín 720, ẹ máa rí 1.25. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, 4:3 ni, ìyẹn 1.333. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tòde òní, 16:9 ni, ìyẹn 1.778. 1.25 kò bá èyíkéyìí mu nínú méjèèjì. Nítorí náà, kí àwòrán DVD tó lè kún ojú 4:3, ìbú pixel kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.067 òró rẹ̀. Kó tó lè kún ojú 16:9, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.422. Nínú software tí a ń lò, Pixel Aspect Ratio ni wọ́n ń kọ sí ìwọ̀n yìí, ibòmíràn á gé e kúrú sí PAR.

Ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ti pẹ́ láyé kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. N'Ìbàdàn níbí, 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà kò mọ pixel, ìlà ló mọ̀. Ètò PAL tí Nàìjíríà ń lò ní ìlà 625, 576 nínú wọn ló ń gbé àwòrán. Ètò NTSC ti Amẹ́ríkà ní 525. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ àwòrán tẹlifíṣọ̀n di nọ́ńbà, àdéhùn tí wọ́n ṣe ní 1982 ni pé kí wọ́n pín ìlà kọ̀ọ̀kan sí 720, ìbáà jẹ́ PAL tàbí NTSC, kí irú ẹ̀rọ kan náà lè ṣiṣẹ́ fún tọ̀tún tòsì. Bí pixel ṣe máa dọ́gba kò sí lára ohun tí wọ́n ń rò. Nígbà tí DVD jáde ní 1996, ó jogún àdéhùn yẹn bó ṣe wà.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nínú fáìlì DVD, àmì kan wà tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé 4:3 ni fídíò yìí tàbí 16:9. Pixel 720 lórí 576 kì í yí padà. Àmì yẹn ló ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa nà wọ́n. Bí àmì bá ṣìnà, kò sí bí iṣẹ́ yòókù ṣe dára tó tí ojú ènìyàn máa rí bó ṣe yẹ.

Obìnrin kan gbé àwo DVD tí wọ́n ṣe fún ìsìnkú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ilé iṣẹ́ mìíràn ló bá a ṣe é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Màmá mi ò sanra báyìí rí láyé wọn." Mo fi sínú ẹ̀rọ. Fídíò ọjọ́ ìbí ìyá náà ni, tí wọ́n ti yà sórí kásẹ́ẹ̀tì kékeré láyé ọjọ́un, 4:3 pọ́nbélé. Ẹni tó gbé e sórí DVD ti fi àmì 16:9 lé e. Gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ti fi ìdá mẹ́ta fẹ̀ sí i: ohun tó yẹ kó fẹ̀ ní ínṣì mẹ́ta ti di mẹ́rin. Gèlè ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n, aago ara ògiri tó wà lẹ́yìn wọn kò sì yípo mọ́, ó ti tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Mo yí àmì padà sí 4:3, mo tún àwo mìíràn kọ, ìyá padà sí bí wọ́n ṣe rí. Obìnrin náà jókòó síbẹ̀, ó wò ó tán kó tó dìde.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú fídíò tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má ṣe fi ojú lásán sọ pé "HD ni." Ẹ gba MediaInfo sórí kọ̀ǹpútà yín, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ṣí fáìlì náà, kí ẹ wo ohun mẹ́ta: Width, Height àti Display aspect ratio. Ẹ fi Height pín Width. Bí èsì bá bá Display aspect ratio mu, pixel rẹ̀ dọ́gba. Bí kò bá bá a mu, pixel rẹ̀ kò dọ́gba, ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Fídíò fóònù, ti WhatsApp, èyí tí ẹ gbà látorí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tuntun, pixel wọn dọ́gba. Àwọn méjì tó máa ń da ènìyàn láàmú nìyí. Èkíní ni Mini DV, kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí gbogbo wa fi ṣiṣẹ́ nígbà kan: 720 lórí 576 ni, pixel tiẹ̀ ti rí bíi ti DVD tẹ́lẹ̀. Èkejì ni HDV, tó jẹ́ 1440 lórí 1080. Bí ẹ bá pín in, ẹ máa rí 1.333, ẹ sì lè rò pé 4:3 ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbú pixel rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.333 òró rẹ̀. 1440 lọ́nà 1.333 máa fún yín ní 1920, nítorí náà 16:9 ni.

Ìgbà mìíràn, fáìlì fúnra rẹ̀ máa ń parọ́, pàápàá èyí tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta mẹ́rin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ wá ohun tó yípo nínú àwòrán náà: taya mọ́tò tó dúró ní ẹ̀gbẹ́, aago ara ògiri, ojú ìlù tó kọjú sí kámẹ́rà. Bí taya bá fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, taya ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ti fáìlì. Ní Premiere, software Adobe tí a fi ń gé fídíò, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máúsì tẹ fídíò náà, ẹ lọ sí Modify, lẹ́yìn náà Interpret Footage, ibẹ̀ lẹ ti máa tún PAR rẹ̀ yàn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pinnu bóyá 4:3 tàbí 16:9

16:9 ni kí ẹ yàn, àyàfi bí gbogbo iṣẹ́ náà bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí 4:3 díẹ̀ bá wà láàárín 16:9, ẹ fi dúdú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Oníbàárà kan á ní kí ẹ nà án kó kún. Ẹ fi ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ hàn án ní ọ̀nà méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ á mú èyí tó jọ ènìyàn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fi pixel tó dọ́gba ṣe ètò yín, kí ẹ tó fún ìbú rẹ̀ pọ̀

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù. Bí àwo yín bá máa jẹ́ 16:9, ẹ ro ojú àwòrán yín sí 1024 lórí 576. Kí ló dé tó fi jẹ́ 1024? Torí pé 720 lọ́nà 1.422 ló fún wa. Bó bá jẹ́ 4:3, 768 lórí 576 ni. Ẹ to ohun gbogbo sínú ìwọ̀n yẹn bí ẹ ṣe máa ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà, kí ojú rí bí ojú, kí taya yípo. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni ẹ máa wá fún ìbú nìkan láti 1024 sí 720. Ẹ má fọwọ́ kan òró. Láti mọ ohun tí ìbú kan máa dà nínú DVD 16:9, ẹ sọ ọ́ lọ́nà 0.703. Ní 4:3, lọ́nà 0.9375.

Ẹ jẹ́ ká mú fídíò tí wọ́n fi fóònù yà ní òòró, 1080 lórí 1920, irú èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó máa ń yà níbi tí wọ́n ti ń náwó lé e lórí. Kó lè wọ 576, ìbú rẹ̀ á di 324. 324 lọ́nà 0.703, ó kù díẹ̀ kó di 228. Ẹ mú un sí 228, torí nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ni software ń fẹ́. Dúdú ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 246. Ẹni tó bá fi 324 síbẹ̀ láìṣe ìṣirò yìí, ìyàwó á sanra lórí tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ kò sanra nílé.

Èyí tó kù, mo ti ṣe ìṣirò wọn sílẹ̀ fún yín, gbogbo rẹ̀ fún àwo 16:9:

1920 lórí 1080 tàbí 1280 lórí 720: ẹ jẹ́ kó kún 720 lórí 576, kò nílò dúdú.
Fídíò 4:3, bíi 640 lórí 480: 540 lórí 576, dúdú 90 lọ́tùn-ún, 90 lósì.
Fóònù gígùn tí wọ́n dà dùbúlẹ̀, 2400 lórí 1080: 720 lórí 460, dúdú 58 lókè, 58 nísàlẹ̀.
Fídíò tí ìbú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú òró, 1080 lórí 1080: 404 lórí 576, dúdú 158 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá ń lo Premiere, ẹ máa rí 1.0940 àti 1.4587 dípò 1.067 àti 1.422 tí mo sọ. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Láti ẹ̀dà CS4, ní 2008, ni Adobe ti yí i padà, torí pé nínú 720 yẹn, díẹ̀ wà ní etí ọ̀tún àti òsì tí kò sí lára àwòrán gan-an nínú àdéhùn 1982, wọ́n sì ka ìyẹn mọ́ ìṣirò wọn. Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, ojú kò lè rí i. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀ nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo.

Àwòrán, orúkọ àti àmì ìjọ

Ibí yìí ni àṣìṣe ti máa ń hàn kedere jù, torí àmì ìjọ àti àmì ẹgbẹ́ sábà máa ń yípo. Ẹ má ṣe é ní 720 lórí 576 nínú Photoshop kí ẹ sì gbé e wọlé bẹ́ẹ̀. Bó bá dé orí tẹlifíṣọ̀n, kò ní yípo mọ́. Ẹ ṣe é ní 1024 lórí 576, kí ẹ jẹ́ kí software fún ìbú rẹ̀ pọ̀ nígbà tó bá ń gbé gbogbo iṣẹ́ jáde. Ohun kan náà ni fún fọ́tò olóògbé tó máa wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àti fún àwòrán tí ẹ máa lò fún ojú ìwé tí wọ́n ti ń yan apá tí wọ́n fẹ́ wò.

Ẹ tún rántí pé tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ máa ń gé etí àwòrán jẹ. Ẹ fi ààyè ìdá mẹ́wàá sílẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ ẹbí má baà pín sí méjì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yí i padà

Ẹni tí kò fẹ́ kọ àṣẹ lè lo DVDStyler, ọ̀fẹ́ lòun náà. Bó bá ti ṣí, ó máa béèrè PAL tàbí NTSC, àti 4:3 tàbí 16:9. Ẹ dáhùn ìbéèrè méjèèjì pẹ̀lú àkíyèsí, ẹ má kàn tẹ OK.

Èmi, ffmpeg, software tí a ń kọ àṣẹ fún, ni mo fẹ́ràn, torí ohun tí mo bá sọ fún un gan-an ló máa ṣe. Fún fídíò 16:9 lásán:

ffmpeg -i igbeyawo.mp4 -target pal-dvd -aspect 16:9 igbeyawo.mpg

Apá "-target pal-dvd" ló ń sọ ọ́ di 720 lórí 576, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú irú ohùn tí ẹ̀rọ DVD ń gbọ́. "-aspect 16:9" ló ń fi àmì tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Fún fídíò fóònù tó wà ní òòró, ìṣirò wa tòkè yẹn ló máa wọlé síbí:

ffmpeg -i foonu.mp4 -vf "scale=228:576,pad=720:576:246:0" -target pal-dvd -aspect 16:9 foonu.mpg

Fún fídíò 4:3 inú àwo 16:9, ẹ fi "scale=540:576,pad=720:576:90:0" rọ́pò rẹ̀. Ẹ rí i pé àmì ṣì jẹ́ 16:9, torí ojú gbogbo àwo náà ló ń júwe.

Ní ti bó ṣe máa gba àwo: bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ ló máa wọ DVD 4.7 GB. Bí ìnáwó bá gùn tó wákàtí méjì, ẹ fi "-b:v 4500k" kún un lẹ́yìn "-target pal-dvd". Bí ẹ bá sì ní agbára lórí kámẹ́rà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi iye àwòrán ìṣẹ́jú àáyá kan sí 25 tàbí 50, ẹ má fi sí 30, kí ijó má baà máa gbọ̀n lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ fi òbírí dán an wò

Kí ẹ tó kọ ogún àwo fún ẹbí kan, ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ ya òbírí kan sórí àwòrán 1024 lórí 576, kí ìbú rẹ̀ jẹ́ 400, kí òró rẹ̀ jẹ́ 400. Ẹ sọ ọ́ di fídíò kékeré, kí ẹ mú un gba gbogbo ọ̀nà tí iṣẹ́ yín máa gbà, títí dé orí àwo. Ẹ fi sí ẹ̀rọ DVD, kí ẹ mú téèpù aránṣọ, kí ẹ wọn òbírí náà lójú tẹlifíṣọ̀n: ìbú rẹ̀, lẹ́yìn náà òró rẹ̀. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ọ̀nà yín mọ́. Bí ẹ bá sì wo fáìlì náà pixel sí pixel nínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ rí i pé òbírí gùn, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 281, ẹ má bẹ̀rù. Bó ṣe yẹ kó rí nínú DVD nìyẹn. Ẹ̀rọ ló máa nà án padà.

Bí òbírí kò bá dọ́gba lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ kí ẹ tó dá iṣẹ́ yín lẹ́bi. Nínú ètò ẹ̀rọ DVD, ibì kan wà tí wọ́n kọ TV Display tàbí TV Type sí. Fún tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ, 16:9 ló yẹ kó wà níbẹ̀. Fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ẹ yan 4:3 LB, èyí tó máa fi dúdú sókè àti sísàlẹ̀. 4:3 PS máa ń gé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kúrò, ẹni tó jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì á sì pòórá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ilé ló ti fi í sí Zoom láti ìgbà pípẹ́ láìmọ̀. Bí ẹ bá ń fi àwo jíṣẹ́ nílé oníbàárà, ẹ bá wọn tún èyí ṣe kí ẹ tó máa lọ.

Bó bá ń lọ sí òkè òkun

Àwo tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kò ní wàhálà, PAL lòun náà. Ti Amẹ́ríkà ni kí ẹ béèrè dáadáa lọ́wọ́ oníbàárà, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ DVD tó wà nílé wọn lọ́hùn-ún kì í gba PAL. Ẹ lo "-target ntsc-dvd". Níbẹ̀, ojú àwòrán jẹ́ 720 lórí 480, ìṣirò á sì yí padà: ètò yín ní pixel tó dọ́gba á di 853 lórí 480 fún 16:9, 640 lórí 480 fún 4:3. Ẹ kíyè sí i pé ní 4:3 ti Amẹ́ríkà, pixel kò fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ, ńṣe ló tẹ́ẹ́rẹ́: 640 lẹ máa nà sí 720. Nítorí náà, ẹ má ṣe mú fáìlì PAL tí ẹ ti ṣe tán kí ẹ sọ ọ́ di NTSC. Ẹ padà sí fídíò tó ti kámẹ́rà wá, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, kí ẹ sì kọ NTSC sára àwo náà gàdàgbà kó má baà pàrọ̀ pẹ̀lú ti ilé.